Ṣòkòtò, kíjìpá àti adìẹ aṣa: ìdáhùn sí ìbéèrè kan láti Òṣogbo

Ìbéèrè: «Ẹ̀yin àgbà, ẹ kú iṣẹ́ o. Òkè-Báálẹ̀ ní Òṣogbo ni mo ti ń sin adìẹ. Mo fi àkùkọ òyìnbó funfun gun àgbébọ̀ aṣa pupa kan, ìyẹn èyí tí ìyẹ́ rẹ̀ ká sẹ́yìn. Gbogbo ọmọ wọn ló funfun, bí ìdajì wọn sì ṣe aṣa. Mo mú akọ kan nínú àwọn funfun tó ṣe aṣa, mo fi gun àwọn àgbébọ̀ pupa tí ìyẹ́ wọn tẹ́jú. Funfun aṣa ni àwọn oníbàárà mi ń béèrè, mo sì ti ṣírò ó pé ìdá kan nínú mẹ́rin ni màá rí. Àmọ́ wọn kò tó bẹ́ẹ̀ rárá. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, yálà funfun tí ìyẹ́ rẹ̀ tẹ́jú ni, tàbí pupa tó ṣe aṣa. Màmá mi wò wọ́n, wọ́n ní: ‹Bí ọmọ ò jọ ṣòkòtò, á jọ kíjìpá.› Kí ni òwe yìí ń sọ gan-an, ṣé ó sì kan ọ̀rọ̀ adìẹ mi?»

Ìdáhùn: Ó kàn án gan-an, àfàìmọ̀ kí ó má kàn án ju bí màmá yín fúnra wọn ṣe rò lọ.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú òwe. Ṣòkòtò ni aṣọ ọkùnrin, baba ló dúró fún. Kíjìpá ni aṣọ òwú tó nípọn, tí àwọn ìyá wa ń hun lórí òfì tiwọn nínú ilé, tí wọ́n ń rẹ sínú aró, tí wọ́n ń ró lọ oko lọ odò. Òun ló dúró fún ìyá. Ẹ̀yin ará ìlú aró kò tún nílò kí n ṣàlàyé jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tí àwọn àgbà ń sọ ni pé ọmọ kì í ṣàdédé ní nǹkan lára: ohun tí a bá rí, apá kan ló ti wá. Níbi ìsọmọlórúkọ lẹ ti máa ń gbọ́ ọ, nígbà tí ẹbí ọkọ bá ń tọ́ka sí imú, tí ẹbí ìyàwó ń tọ́ka sí etí. Wọ́n sì ń fi òwe yìí kan náà sọ̀rọ̀ nípa ìwà. (Àwọn tó ń sọ pé ọmọ tó dáa ni ti bàbá, èyí tó bàjẹ́ ni ti ìyá, tara wọn ni wọ́n ń sọ. Òwe yìí kò pín in bẹ́ẹ̀.)

Kò sì sọ pé ọmọ gbọ́dọ̀ jọ ẹnì kan láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Imú lè jẹ́ ti bàbá kí ẹsẹ̀ jẹ́ ti ìyá. Àmọ́ àwọn àbùdá kan wà tí wọn kì í tètè fi ara wọn sílẹ̀, irú wọn lẹ bá pàdé nínú àgò adìẹ yín.

Ìṣirò tí ẹ ṣe, a lè fi ohun tí gbogbo wa mọ̀ nípa jínótáìpù yẹ̀ ẹ́ wò. Bí AS bá fẹ́ AS, nínú oyún kọ̀ọ̀kan, ìdá kan nínú mẹ́rin ni pé kí ọmọ jẹ́ SS. Ohun kan ṣoṣo nìyẹn ń wò. Bó bá di nǹkan méjì, ẹ ní ìdajì yóò funfun, ìdajì yóò ṣe aṣa, nítorí náà ìdajì inú ìdajì ni yóò ní méjèèjì. Ìṣirò náà pé bí nǹkan méjèèjì kò bá jọ gbé ojú kan. Ẹ wo ara ènìyàn: jíìnì (ohun àjogúnbá nínú ara) tó ń pinnu gúrúùpù ẹ̀jẹ̀ A, B àti O wà lórí kúrómósóòmù 9 (kúrómósóòmù ni ohun tó gbé àwọn jíìnì), ti AS àti AA wà lórí ìkọkànlá. Èyí tí ọmọ bá gbà nínú àkọ́kọ́ kò sọ nǹkan kan fún wa nípa èyí tó gbà nínú èkejì.

Ti adìẹ yín kò rí bẹ́ẹ̀. Jíìnì funfun tó ń borí àwọ̀ àti jíìnì tó ń mú ìyẹ́ ká sẹ́yìn, orí kúrómósóòmù kan náà ni wọ́n jókòó sí, ìyẹn ìkẹtàlélọ́gbọ̀n nínú oríṣi 39 tí adìẹ ní. Ẹ kà á sí okùn. Àkùkọ òyìnbó fún akọ yín ní okùn tó gbé funfun àti ìyẹ́ títẹ́jú. Àgbébọ̀ aṣa fún un ní èyí tó gbé pupa àti aṣa. Nígbà tí akọ náà fẹ́ bímọ tirẹ̀, okùn kan péré ló lè fún ọmọ kọ̀ọ̀kan, bó sì ṣe gbà á ló sábà máa ń fi í sílẹ̀. Ìdí rèé tí ọ̀pọ̀ òròmọdìẹ yín fi gbé ṣòkòtò bàbá bàbá wọn wọ̀ pátápátá, tàbí tí wọ́n ró kíjìpá ìyá bàbá wọn.

Àwọn ìyókù ńkọ́? Kí okùn méjèèjì tó pínyà, wọ́n máa ń sún mọ́ra, wọ́n á gé níbì kan, wọ́n á sì pààrọ̀ apá fún ara wọn. Bí ojú ibi tí wọ́n ti gé bá bọ́ sí àárín funfun àti aṣa, aṣa tó ń bá pupa rìn tẹ́lẹ̀ á wá bá funfun rìn. Bí jíìnì méjì bá ṣe sún mọ́ra tó ni èyí ṣe ṣọ̀wọ́n tó. Orí èyí ni Alfred Sturtevant, ọmọ ilé ẹ̀kọ́ Thomas Hunt Morgan ní Amẹ́ríkà, dúró lé ní 1913 tó fi ya máàpù jíìnì àkọ́kọ́, ìyẹn àwòrán ibi tí jíìnì kọ̀ọ̀kan wà lórí okùn, lára eṣinṣin. Ti adìẹ, F. B. Hutt, onímọ̀ nípa jíìnì adìẹ, wà lára àwọn tó ṣiṣẹ́ lé e lórí ní àwọn ọdún 1930. Láàrin funfun àti aṣa, ìpààrọ̀ náà ń ṣẹlẹ̀ nínú nǹkan bí 17 sí 20 nínú ọmọ 100.

Ẹ mú 18 ká fi ṣírò. Nínú òròmọdìẹ 100 tí akọ yín bá bí, ẹ retí bí 41 funfun tí ìyẹ́ rẹ̀ tẹ́jú, 41 pupa tó ṣe aṣa, 9 funfun aṣa, 9 pupa tí ìyẹ́ rẹ̀ tẹ́jú. Mẹ́sàn-án ni o, kì í ṣe 25. Bó bá jẹ́ 20 péré lẹ pa, ẹ lè má rí funfun aṣa kankan, kò sì sí ẹni tó fi nǹkan ṣe yín.

Ibi tó dùn jù nínú ọ̀rọ̀ náà rèé. Ẹ má ta àwọn funfun aṣa díẹ̀ tí ẹ bá rí. Lójú, wọn kò yàtọ̀ sí bàbá wọn: òun náà funfun, òun náà ṣe aṣa. Àmọ́ okùn ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni tirẹ̀ fi gbé méjèèjì, nígbà tí tiwọn wà pọ̀ lórí okùn kan. Bí ẹ bá fi ọ̀kan nínú wọn gun pupa tí ìyẹ́ rẹ̀ tẹ́jú, ìṣirò yí padà: funfun aṣa di bí 41 nínú 100, àwọn tí ẹ kò fẹ́ ló wá dín kù. Ẹni tó bá wo àkùkọ méjèèjì lọ́jà kò lè mọ èyí tó sàn. Ọmọ ni yóò tú u fó.

Ẹ má ṣe fi aṣa gun aṣa torí pé ẹ fẹ́ kó yá. Ìdá kan nínú mẹ́rin ọmọ wọn yóò gba jíìnì aṣa lápá méjèèjì, ìyẹ́ wọn á sì máa kán títí wọ́n á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ wà níhòòhò bí ọ̀pìpì. Bákan náà, adìẹ òyìnbó funfun kan wà tí funfun rẹ̀ kì í borí. Tiyín kì í ṣe irú rẹ̀, torí pé gbogbo ọmọ àkọ́kọ́ ló funfun. Bí ẹ bá máa ra àkùkọ mìíràn, ẹ kọ́kọ́ fi àgbébọ̀ pupa dán an wò.

Àwọ̀ lẹ máa kọ́kọ́ rí lára òròmọdìẹ, aṣa ń dúró di ìgbà tí ìyẹ́ gidi bá ń yọ. Nítorí náà, ẹ fi òrùka sí wọn lẹ́sẹ̀, kí ẹ sì kọ orúkọ bàbá àti ìyá wọn sínú ìwé, kí ẹ tó kó èyíkéyìí lọ sí Ọjà Ọba.