Fún àbúrò tó ń kọ̀wé lórí owó ilé l'Abuja

Àbúrò, mo ti ka nǹkan tó o kọ yẹn tán, èyí tó o fi ń ní kí ìjọba dá sọ́rọ̀ àwọn onílé tó ń gba owó ọdún méjì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo l'Abuja, tó o wá ń bèèrè ìdí tí ẹ́dítọ̀ fi dá a padà. Ọ̀rọ̀ ẹ dùn o, ṣùgbọ́n ayálégbé nìkan ló máa kà á tó máa mirí, ayálégbé sì ti gbà fún ẹ tẹ́lẹ̀. Onílé lò ń bá sọ̀rọ̀, àti aṣòfin tóun náà nílé tó ń gbowó ẹ̀ ní Gwarinpa.

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń kọ irú ẹ̀ fáwọn ìwé ìròyìn níbí, kí n tó fi ránṣẹ́ mo máa ń wá ẹni tọ́rọ̀ náà máa bí nínú, màá ní kó bá mi kà á. Ti owó ilé, bàbá onílé wa ní Kubwa ni mo gbé e lọ bá, owó ìfẹ̀yìntì wọn ni wọ́n fi kọ́lé yẹn. Wọ́n bú mi díẹ̀ (mo gbà á bẹ́ẹ̀, mo ṣì ń gbélé wọn), wọ́n wá ní tí ayálégbé ọlọ́dọọdún ò bá sanwó mọ́, àfi tí àdéhùn bá sọ nǹkan míì, nótíìsì oṣù mẹ́fà lòfin ní káwọn fún un, ọjọ́ méje á tún tẹ̀ lé e, kí wọ́n tó dé kọ́ọ̀tù tí wọ́n á máa sún ẹjọ́ síwájú, ta ló máa bọ́ wọn láàárín ìgbà yẹn? Mo kọ ọ̀rọ̀ wọn síbẹ̀ láìbù ú kù, mo wá fèsì pé tó bá jẹ́ ẹ̀rù kọ́ọ̀tù ni, ká jọ bèèrè kọ́ọ̀tù tó máa ń yára dájọ́, kí owó àsansílẹ̀ náà má kọjá ọdún kan. Onílé rí tiẹ̀ mú níbẹ̀. Ìwọ ti pe onílé lólójúkòkòrò kó o tó dé àárín. Yọ ọ́ jàre.

"Ìjọba gbọ́dọ̀ ṣe nǹkan" tó o fi parí ẹ ńkọ́, ìjọba wo? FCT, ìyẹn Abuja àti agbègbè ẹ̀, ò ní gómìnà, kò nílé aṣòfin tiẹ̀, ilé aṣòfin àpapọ̀ ló ń ṣòfin fún un, torí náà sọ nǹkan tó o fẹ́ káwọn sẹ́nétọ̀ ṣe gan-an. Tó o bá máa fi Èkó ṣe àpẹẹrẹ, sọ òótọ́ ẹ̀ tán: òfin ilé gbígbé Èkó ti 2011 ní onílé ò gbọdọ̀ gbà ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun, ṣùgbọ́n ó yọ Ìkòyí, Victoria Island, Àpápá àti GRA Ìkẹjà sílẹ̀, àwọn onílé míì sì ṣì ń gba ọdún méjì láìka òfin sí. Tó ò bá sọ ọ́, ẹlòmíì á sọ ọ́, ìyókù ọ̀rọ̀ ẹ á sì di irọ́ lójú wọn.

"Láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ni ilé ti jẹ́ kòṣeémàní" tó o fi bẹ̀rẹ̀ ẹ, jọ̀ọ́ pa á rẹ́, ta ló ń bá ẹ jiyàn? Bẹ̀rẹ̀ látorí iye tí ẹ́jẹ́ǹtì pè fún ẹ ní Lugbe, owó ilé, owó ẹ́jẹ́ǹtì, owó lọ́yà, tò ó lọ́kọ̀ọ̀kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ owó oṣù tó kéré jù, 70,000 náírà láti 2024, má wulẹ̀ sọ pé ó burú. Kí ohun tó ò ń bèèrè tètè hàn lókè, torí tí ààyè bá há, ìsàlẹ̀ ni ẹ́dítọ̀ ti máa ń gé e.

Tó o bá tún un kọ, fi ránṣẹ́ kí n rí i, ṣùgbọ́n kí onílé yín kọ́kọ́ kà á ná.