Kíkọ aago mọ́ gbèdéke iṣẹ́ nínú Org mode

Ìbéèrè yín ni pé báwo lẹ ṣe lè kọ aago mọ́ gbèdéke iṣẹ́ nínú Org mode (irinṣẹ́ inú Emacs, ètò ìkọ̀wé orí kọ̀ǹpútà, tí a fi ń to iṣẹ́ àti àkọsílẹ̀), kí iṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ gbà lọ́wọ́ yín ní aago mẹ́ta ọ̀sán má baà rí bákan náà pẹ̀lú èyí tí ẹ ní gbogbo ọjọ́ láti fi ṣe. Kíkọ rẹ̀ kò le, n kò sì ní pẹ́ lórí rẹ̀. Ohun tó jẹ mí níyà fún nǹkan bí ọdún kan ni pé mo rò pé aago tí mo kọ yóò máa ṣe ohun tí kò lè ṣe, ibẹ̀ sì ni mo fẹ́ dúró sí jù.

Ẹ gbé kọ́sọ̀ sórí àkọlé iṣẹ́ náà, kí ẹ tẹ C-c C-d (ẹ di Ctrl mú kí ẹ tẹ c, lẹ́yìn náà d). Kàlẹ́ńdà yóò ṣí, àyè kan yóò sì wà nísàlẹ̀ tí ẹ ti lè tẹ ọjọ́ àti aago pa pọ̀. Bí ẹ bá tẹ “thu 15:00”, ó dára. Bí ẹ bá tẹ “+3d 15:00”, òun náà dára. Bí ó bá sì jẹ́ “3pm” lẹ tẹ̀, Org fúnra rẹ̀ ni yóò sọ ọ́ di 15:00. Ohun tí ẹ máa bá lábẹ́ àkọlé nìyí:

DEADLINE: <2023-03-30 Thu 15:00>

Ìlà yìí gbọ́dọ̀ tẹ̀lé àkọlé láìsí ohunkóhun láàárín wọn. Mo ti kọ àlàyé ráńpẹ́ kan sáàárín àwọn méjèèjì rí. Gbèdéke náà ṣì wà nínú fáìlì, mo ń fi ojú ara mi rí i níbẹ̀, ṣùgbọ́n agenda, ojú ìwé tí Org ti ń to iṣẹ́ ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, kò gbé e jáde, nítorí Org kò kà á sí gbèdéke mọ́. Bí ó bá sì jẹ́ pé ọwọ́ lẹ fi ń tẹ̀ ẹ́ láìlo C-c C-d, ẹ rántí pé aago oníwákàtí 24 ni wọ́n ń lò níbẹ̀. Mo tẹ 3:00 nígbà kan tí ó jẹ́ pé ọ̀sán ni mo ní lọ́kàn, Org sì gbé iṣẹ́ náà sí aago mẹ́ta òru, lókè pátápátá, níbi tí ojú mi kì í dé torí pé n kì í ní iṣẹ́ kankan níbẹ̀. Ohun mìíràn tó jọ ọ́ ni pé bí aago mẹ́wàá àárọ̀ bá ti lù tí ẹ wá tẹ 08:00 nìkan, láìsọ ọjọ́, aago mẹ́jọ òní tó ti kọjá ni yóò kọ fún yín. Èmi fi ìlà yìí sínú fáìlì ìṣètò Emacs mi kí ó lè máa mú un lọ sí ọ̀la:

(setq org-read-date-prefer-future 'time)

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi. Iṣẹ́ ògbufọ̀ ni mò ń ṣe. Ní ọdún 2023, ilé-iṣẹ́ kan ń wá ẹni tí yóò túmọ̀ ìwé ńlá kan fún wọn, wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìkéde wọn pé àwọn yóò ti ojú òpó ìforúkọsílẹ̀ ní 00:00, ọjọ́ 31 oṣù kẹta. Mo kọ <2023-03-31 Fri> sí abẹ́ àkọlé, láìkọ aago. Ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, mo ṣí agenda, mo rí “In 1 d.” (ó ku ọjọ́ kan) lẹ́gbẹ̀ẹ́ iṣẹ́ náà, ọkàn mi balẹ̀. Àpẹẹrẹ iṣẹ́ tí wọ́n ní kí a fi ránṣẹ́ ti wà nílẹ̀, ó ku kí n yẹ àmì ohùn inú rẹ̀ wò lẹ́ẹ̀kan sí i. Mo pa kọ̀ǹpútà, mo sùn. Nígbà tí mo jí ní ọjọ́ Ẹtì, ojú òpó náà ti di títì, àtìgbà tí Ọjọ́bọ̀ ti ń di ọjọ́ Ẹtì mọ́jú ni. Kò sí ẹni tó rẹ́ mi jẹ, ohun tí wọ́n kọ náà ni wọ́n ṣe.

Ohun tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn ni pé àìkọ aago ló fà á. Mo wá padà lọ dán an wò pẹ̀lú iṣẹ́ àfọwọ́dá kan: mo kọ 00:00 mọ́ ọjọ́ kejì, mo sì ṣí agenda ti ọjọ́ tó ṣáájú rẹ̀. “In 1 d.” náà ló tún kọ síbẹ̀! Ìgbà yẹn ló tó yé mi pé ọjọ́ ni Org fi ń ka iye tó kù kí gbèdéke pé, kì í fi wákàtí kà á. Aago tí ẹ kọ kò nípa lórí kíkà yẹn rárá. Iṣẹ́ tó ku ìṣẹ́jú márùn-ún kí gbèdéke rẹ̀ pé ní aago méjìlá òru, àti iṣẹ́ tó ku ọjọ́ kan àti wákàtí mẹ́tàlélógún, “In 1 d.” ni yóò kọ sí àwọn méjèèjì. Nítorí náà, bí wọ́n bá fún mi ní aago méjìlá òru báyìí, ọjọ́ tó ṣáájú ni mo ń kọ, n kì í sì í kọ 23:59 pàápàá, nítorí n kò fẹ́ wà lójúfò dé aago yẹn. Èyí tí mo bá kọ máa ń rí báyìí:

DEADLINE: <2023-03-30 Thu 20:00>

Ojúlówó aago tí wọ́n fún mi yóò wà nísàlẹ̀, nínú àlàyé, bí wọ́n ṣe kọ ọ́ gan-an nínú ìkéde tàbí ímeèlì wọn.

Lẹ́yìn àdánù yẹn, mo wá ṣe àṣejù. Gbogbo gbèdéke inú fáìlì mi ni mo kọ aago mọ́, èyí tí ẹnikẹ́ni kò bá sì fún mi ní aago kan pàtó fún, mo fún un ní 17:00. Bí gbèdéke bá ní aago, àárín àwọn wákàtí ọjọ́ náà ni agenda máa ń tò ó sí nígbà tí ọjọ́ bá pé. Ní ọjọ́ Ajé kan, mo ṣí agenda, mo bá iṣẹ́ méje tí gbogbo wọn dúró sórí 17:00, ọ̀kan lórí ìkejì. Ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn ni oníbàárà ń dúró dè ní aago márùn-ún lóòótọ́. Èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi dá aago ti iṣẹ́ mẹ́fà yòókù, mo sì mọ̀ bẹ́ẹ̀, ìyẹn ni pé mo mọ̀ pé bí aago márùn-ún bá kọjá, kò sí ohun tí yóò ṣẹlẹ̀. Kò pẹ́ tí ojú mi fi bẹ̀rẹ̀ sí í fo gbogbo 17:00 tó bá rí, títí kan ojúlówó.

Bí mo ṣe ń ṣe é báyìí ni pé n kì í kọ aago mọ́ DEADLINE àfi bí ẹlòmíràn bá wà tí yóò ti ilẹ̀kùn ní aago náà. Ìgbà tí èmi fúnra mi fẹ́ jókòó ti iṣẹ́ náà kì í ṣe gbèdéke. SCHEDULED ló ni ín, ó sì dára kí ó ní ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin. Àwọn méjèèjì lè wà lórí ìlà kan náà:

SCHEDULED: <2023-03-29 Wed 10:00-12:00> DEADLINE: <2023-03-30 Thu 20:00>

C-c C-s ni ẹ máa tẹ̀ fún ti SCHEDULED. Bí ẹ bá tẹ “wed 10:00-12:00” síbẹ̀, ó ti tán. Mo mọ̀ pé àwọn kan wà tí kì í lo SCHEDULED rárá, tó jẹ́ pé gbèdéke nìkan ni wọ́n ń kọ, ó sì lè tó fún ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ kò pọ̀. Kò tó fún èmi.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ ìró. Ọ̀pọ̀ wa ló gbà pé bí a bá ti kọ aago, nǹkan kan yóò dún. Kò sí ohun tí yóò dún. Ọ̀rọ̀ inú fáìlì lásán ni 15:00 yẹn, bí ìgbà tí ẹ bá fi bírò kọ ọ́ sínú ìwé. Inú Emacs kan náà ni irinṣẹ́ kan wà tí wọ́n ń pè ní appt, òun ló lè pe àkíyèsí yín, ṣùgbọ́n ẹ ní láti kó àwọn iṣẹ́ náà fún un:

(appt-activate 1)
(org-agenda-to-appt t)

Àṣẹ kejì yìí yóò wo àwọn iṣẹ́ tòní, yóò sì kó èyí tó bá ní aago fún appt; gbèdéke tí kò bá ní aago, yóò fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Àǹfààní kan tó dájú tí kíkọ aago mọ́ gbèdéke ní nìyẹn. Lẹ́tà t tó wà níparí ni pé kí ó da ti tẹ́lẹ̀ nù kó tó kó tuntun. Kí n tó mọ̀ ọ́n, mo sún iṣẹ́ kan láti aago mẹ́wàá sí aago mẹ́rin, appt sì tún ń pè mí ní aago mẹ́wàá. Ẹ kíyè sí i pé tòní nìkan ló ń kó, nítorí náà bí ẹ kì í bá pa Emacs, ẹ gbọ́dọ̀ mú un ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i ní ọjọ́ kejì. Èmi so ó mọ́ agenda, kí ó lè máa ṣiṣẹ́ nígbàkigbà tí agenda bá ṣí:

(add-hook 'org-agenda-finalize-hook (lambda () (org-agenda-to-appt t)))

Bí wọ́n ṣe gbé appt kalẹ̀, ìṣẹ́jú 12 kí aago tó pé ló máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í pè yín. Ìṣẹ́jú méjìlá tó láti lọ jókòó sí ìpàdé, ṣùgbọ́n kò tó láti parí iṣẹ́, kò sì tó láti fi fáìlì ńlá ránṣẹ́ bí íntánẹ́ẹ̀tì bá ń ṣe ségesège. Fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, mo máa ń fi APPT_WARNTIME sí abẹ́ àkọlé rẹ̀ nínú PROPERTIES (àyè tí a ti ń kọ ìṣètò iṣẹ́ kan), mo sì ń fún un ní 90, ìyẹn ìṣẹ́jú 90. C-c C-x p ni ẹ máa tẹ̀ láti fi í síbẹ̀.

Àwọn tí oníbàárà wọn wà ní ìlú òkèèrè tún ní ohun kan láti ṣọ́ra fún. Àmì àsìkò Org kò ní àyè fún aago ìlú mìíràn. Aago kọ̀ǹpútà yín ló ń tẹ̀ lé. Bí oníbàárà bá sọ pé aago márùn-ún, ẹ kọ́kọ́ bi í pé aago ìlú wo, kí ẹ ṣírò rẹ̀ sí aago tiyín kí ẹ tó kọ ọ́. Àwọn orílẹ̀-èdè kan máa ń yí aago wọn síwájú àti sẹ́yìn lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, tí ó fi jẹ́ pé ìyàtọ̀ wákàtí mẹ́ta lè di mẹ́rin láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ fún wọn kò sì ní fura. Ó ṣẹlẹ̀ sí mi lẹ́ẹ̀kan, mo sì rí wákàtí kan jẹ lọ́fẹ̀ẹ́. Ọ̀nà kejì ni ì bá gbà, n kò ní máa fi ṣe ẹ̀rín.

Ní ti iṣẹ́ ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀, kíkọ aago kò ní kí iṣẹ́ náà má máa padà wá. Bí ẹ bá kọ <2023-04-07 Fri 12:00 +1w -2d>, tí ẹ sì sàmì sí i pé ó ti parí, yóò bọ́ sí ọjọ́ Ẹtì tó tẹ̀ lé e, aago méjìlá ọ̀sán kò ní yí padà. -2d ni pé ọjọ́ méjì ṣáájú ni kí ó bẹ̀rẹ̀ sí í hàn nínú agenda, dípò ọjọ́ 14 tí Org ń lò bí ẹ kò bá sọ nǹkan kan.

Ní ti àwọn gbèdéke tí ẹ ti kọ tẹ́lẹ̀ láìní aago, ẹ má ṣe padà lọ máa kọ aago sí gbogbo wọn. Ẹ wo àwọn tó bọ́ sí ọ̀sẹ̀ méjì tó ń bọ̀, kí ẹ ṣí ímeèlì ẹni tó gbé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan fún yín, kí ẹ wò ó bóyá ó dárúkọ aago. Bí ó bá dárúkọ rẹ̀, ẹ gbé kọ́sọ̀ sẹ́yìn orúkọ ọjọ́ nínú àmì àsìkò náà, kí ẹ fi àyè kan sílẹ̀, kí ẹ tẹ aago síbẹ̀. Bí kò bá dárúkọ rẹ̀, ẹ bi í.