"8/19 Hyderabad": rẹ́jímẹ́ǹtì Íńdíà wo nìyẹn?

Ìbéèrè: Dífíṣọ̀nù 82 ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ni bàbá bàbá mi bá lọ ogun Bọ́mà. Nínú àpótí wọn la ti rí fọ́tò tí àwọn àti sójà Íńdíà kan jọ yà. Wọ́n kọ "8/19 Hyderabad, Arakan, 1945" sẹ́yìn rẹ̀. Mo wá rẹ́jímẹ́ǹtì yìí láàárín àwọn tí Íńdíà ní lónìí, n kò rí i. Ṣé wọ́n ti tú u ká ni, àbí Pakísítánì ló bọ́ sí lọ́wọ́?

Ìdáhùn: Wọn ò tú u ká, kò sì lọ sí Pakísítánì. Orúkọ ló pààrọ̀. Kumaon Regiment ni kí ẹ máa wá.

Ẹ má fojú kéré nọ́ńbà yẹn o. 19 ni rẹ́jímẹ́ǹtì, 8 ni bàtálíọ̀nù. Bí ẹ bá wá Hyderabad lásán, ẹ ó ṣìnà, nítorí ọba Hyderabad, Nizam, ní ọmọ ogun tirẹ̀ lọ́tọ̀, èyí tí Íńdíà ṣẹ́gun ní September 1948. Bàtálíọ̀nù kẹrin rẹ́jímẹ́ǹtì 19 yìí gan-an ò sì dé Arakan, agbègbè etíkun ní Bọ́mà. Malaya ni àwọn ará Japan ti fọ́ ọ, ní Slim River, January 1942.

Nizam ló ń sanwó oṣù àwọn sójà tí rẹ́jímẹ́ǹtì yìí ti ara wọn jáde, òyìnbó ló ń pàṣẹ fún wọn. (Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kúkú mọ irú ètò bẹ́ẹ̀ ṣe.) Henry Russell, aṣojú Gẹ̀ẹ́sì láàfin Nizam, ló dá ẹgbẹ́ ọmọ ogun Russell Brigade sílẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1813, àmì ìdílé rẹ̀ sì ni kìnnìún orí báàjì Kumaon ti wá. Lọ́dún 1922 ni wọ́n pa àwọn bàtálíọ̀nù Hyderabad pọ̀ mọ́ Kumaon Rifles, tí gbogbo wọn di 19th Hyderabad. Àmọ́ nígbà tó yá, àwọn ará òkè Kumaon àti àwọn ẹ̀yà Jat àti Ahir ló kún inú rẹ̀. Ní October 1945, wọ́n fi Kumaon sọ ọ́.

Ní ti 8/19, K. S. Thimayya ló jẹ́ ọ̀gá wọn nígbà ìjà Kangaw ní Arakan, ní ìbẹ̀rẹ̀ 1945. Bàtálíọ̀nù mẹ́ta ló wà nínú brigade wọn, ọmọ Íńdíà ló sì ń darí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ohun tí kò wọ́pọ̀ rárá láyé òyìnbó. Nígbà tí ilẹ̀ pín sí Íńdíà àti Pakísítánì ní 1947, rẹ́jímẹ́ǹtì ọ̀kan nínú wọn, 16/10 Baluch, bọ́ sí ọwọ́ Pakísítánì. 8/19 ní tirẹ̀ gba nọ́ńbà bàtálíọ̀nù kẹrin, ó di 4 Kumaon. Somnath Sharma, tó ti bá 8/19 jà ní Arakan, kú sójú ìjà ní Badgam ní Kashmir, 3 November 1947. Òun ni Íńdíà kọ́kọ́ fún ní Param Vir Chakra, àmì-ẹ̀yẹ ìgboyà wọn tó ga jù.

Fọ́tò yín ò yà mí lẹ́nu: dífíṣọ̀nù 82 àti dífíṣọ̀nù 25 ti Íńdíà, níbi tí 8/19 wà, abẹ́ ẹgbẹ́ ọmọ ogun ńlá kan náà, XV Corps, ni wọ́n jọ wà.

Ìwé àkọsílẹ̀ ojoojúmọ́ tí bàtálíọ̀nù bàbá bàbá yín àti 8/19 kọ lójú ogun wà ní National Archives, ibi ìpamọ́ ìwé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, ní Kew, London. WO 172 ni kí ẹ béèrè, kí ẹ fi ọdún àti nọ́ńbà bàtálíọ̀nù kún un. Orúkọ ọ̀gá ló máa ń wà níbẹ̀ jù, orúkọ sójà kéékèèké ò wọ́pọ̀. Ibùdó Kumaon wà ní Ranikhet, ìpínlẹ̀ Uttarakhand. Bí ẹ bá kọ̀wé sí wọn, ẹ kọ "4 Kumaon, 8/19 Hyderabad tẹ́lẹ̀," kí ẹ sì fi ẹ̀dà iwájú àti ẹ̀yìn fọ́tò náà ránṣẹ́.