Ọ̀gì Ò Kan Lójú Òtútù

ÌBÉÈRÈ (láti Manchester): Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Àárọ̀ Sátidé kì í pé lójú mi láìsí ẹ̀kọ mímu, ṣùgbọ́n ọ̀gì tí mo bá ṣe níbí kì í kan. Mo ń rẹ àgbàdo fún ọjọ́ mẹ́ta bí ìyá mi ti ń ṣe nílé. Ó kàn ń rùn ni. Bí mo bá sì da omi gbígbóná sí i, á ṣàn, kò ní dì. Kí ni mò ń ṣì ṣe?

ÌDÁHÙN: Ọjọ́ mẹ́ta ìyá yín, ọjọ́ mẹ́ta inú ooru ni. Nílé, omi inú ike àgbàdo máa ń lọ́ wọ́ọ́rọ́ tọ̀sán tòru. Kíṣìnì Manchester lójú òtútù lè má ju ìwọ̀n 17 tàbí 18 Celsius lọ. Àwọn kòkòrò àìfojúrí tó ń mú ọ̀gì kan kì í yára ṣiṣẹ́ níbi tó tutù; kí wọ́n tó jí, àwọn tó ń mú nǹkan rùn ti gba àyè wọn.

Ẹ gbé ike náà sínú oven tí ẹ kò tan, kí ẹ tan gílóòbù inú rẹ̀ nìkan, kí ẹ sì pa ilẹ̀kùn rẹ̀ dé. Bí gílóòbù yín bá jẹ́ irú LED tí kì í gbóná, ẹ gbé ìgò omi gbígbóná tì í, kí ẹ máa pààrọ̀ rẹ̀ láàárọ̀ àti lálẹ́. (Ẹ lẹ bébà mọ́ ibi tí wọ́n ti ń tan oven o, kí ará ilé má baà tan án lé ike lórí.) Bí ẹ bá rí ọ̀gì tó ti kan, kódà kó jẹ́ inú fírísà ló ti wá, ẹ bu ṣíbí ìjẹun méjì sínú omi tí ẹ fi rẹ àgbàdo. Ìyẹn gan-an ló ń yá iṣẹ́ jù.

Ẹ ò sọ irú àgbàdo tí ẹ ń rà. Àgbàdo gúgúrú le bí òkúta, eèrí ni yóò kún asẹ́ yín. Ìyẹ̀fun àgbàdo tí wọ́n ti sè kí wọ́n tó dì í sínú àpò, irú èyí tí àwọn ará Venezuela àti Colombia fi ń ṣe arepa, kò lè silẹ̀ láéláé. Àgbàdo funfun gbígbẹ ni kí ẹ wá, kílò kan fún ìgbà àkọ́kọ́. Bí ẹ bá ń lọ̀ ọ́, kọ́ọ̀bù àgbàdo kan sí omi kọ́ọ̀bù méjì, díẹ̀díẹ̀, kí ẹ máa dúró kí blender tutù. Bó bá gbóná jù, á bẹ̀rẹ̀ sí í se ọ̀gì náà, á lẹ̀ mọ́ asẹ́. Aṣọ tín-ín-rín ni kí ẹ fi sẹ́ ẹ. Ẹ jẹ́ kó silẹ̀ fún ọjọ́ kan síbi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ yẹn náà, lẹ́yìn náà kí ẹ gbé e sí fíríìjì, kí ẹ máa pààrọ̀ omi orí rẹ̀ lọ́jọ́ méjì-méjì. Bí ẹ bá rí àwọ̀ pupa fẹ́ẹ́rẹ́ tàbí dúdú lórí rẹ̀, ẹ má há a kúrò, gbogbo rẹ̀ ni kí ẹ dà nù.

Ti ṣíṣàn yẹn, abọ́ tútù ló ń ṣe yín lọ́ṣẹ́. Ọ̀gì gbọ́dọ̀ gbóná tó bí ìwọ̀n 70 kó tó dì. Tí ẹ bá da omi kẹ́tù lé ọ̀gì tó ti fíríìjì wá, nínú abọ́ tánganran tó tutù bíi yìnyín, ooru ti tán kó tó dé ìsàlẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ fi omi gbígbóná ṣan abọ́, ẹ dà á nù, ẹ fi omi díẹ̀ po ọ̀gì, kí ẹ wá da omi tó ṣì ń hó sí i lẹ́ẹ̀kan náà, kí ẹ máa rò ó kíákíá. Bó bá ti ṣàn náà ńkọ́? Ẹ dà á sínú ìkòkò lórí iná kékeré, ẹ máa rò ó títí yóò fi máa dán.

ÌBÉÈRÈ (láti Houston): Wọ́n ní ewédú wà ní ṣọ́ọ̀bù àwọn Lárúbáwá. Mo ra èyí tó dì nínú fírísà wọn, àmọ́ kò yọ̀.

ÌDÁHÙN: Ó wà níbẹ̀. Mulukhiyah ni wọ́n ń pè é, saluyot lẹ́nu àwọn ará Philippines. Ewé kan náà ni. Ó ṣeé ṣe kí ẹ ti jẹ́ kó yọ́ tán, kí ẹ fún omi rẹ̀. Yíyọ̀ rẹ̀ gan-an ni ẹ dà nù yẹn! Bó ṣe dì gbagidi ni kí ẹ sọ ọ́ sínú omi tó ń hó: kọ́ọ̀bù kan ààbọ̀ fún pákẹ́ẹ̀tì 400 gíráàmù. Kánún bí ẹyọ ẹ̀wà kan ti tó. Bí kò bá sí, ìdá kan nínú mẹ́rin ṣíbí tíì ti baking soda. Bó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, á máa dùn bí ọṣẹ lẹ́nu. Ẹ má dé ìkòkò, á hó dà nù, àwọ̀ rẹ̀ á sì ṣú. Ìṣẹ́jú márùn-ún sí méje péré. Èyí tí wọ́n ti gé wẹ́wẹ́ kò nílò nǹkan kan mọ́, ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ odidi ewé, ìjábẹ̀ ni, tàbí kí ẹ tẹ blender lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kí ẹ fi í sílẹ̀. Irú ni kí ẹ fi sí i kẹ́yìn.

ÌBÉÈRÈ (láti Salvador, Brazil): Acarajé, àkàrà tí àwọn obìnrin ẹ̀gbẹ́ títì ń dín níbí, máa ń wú. Àkàrà tèmi ń rì sísàlẹ̀ epo.

ÌDÁHÙN: Ẹ̀wà kọ́ ló jẹ̀bi, feijão fradinho ni ẹ̀wà olójú dúdú tí ẹ mọ̀. Omi ló pọ̀. Lẹ́yìn tí ẹ bá bó o, ẹ tún rẹ ẹ́ fún wákàtí méjì sí mẹ́ta. Ẹ̀wà tó ti mu omi yó kì í béèrè omi nínú blender. Ẹ fi ọmọrogùn lù ú fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ẹ wá kán díẹ̀ sínú ife omi tútù. Bó bá rì, ẹ ṣì ń lù ú nìyẹn. Iyọ̀ ò gbọdọ̀ wọ̀ ọ́ àfi bí epo bá ti gbóná tán, torí yóò fa omi jáde lára ẹ̀wà. Kí epo jìn tó ìka mẹ́ta, kí ẹ sì ṣí fèrèsé kí ẹ tó gbé e kaná.