Kí ló dé tí géèmù This War of Mine fi máa ń wọ ènìyàn lọ́kàn ju ọ̀pọ̀ géèmù ogun lọ?

Nítorí pé ará ìlú tí ogun ká mọ́lé lo máa ń darí níbẹ̀, kì í ṣe sójà, ohun tí o bá sì ṣe kí wọ́n lè rí jẹ yóò hàn lára wọn.

Ilé-iṣẹ́ 11 bit studios ní Pólándì ló gbé e jáde ní 2014. Ìlú àfinúrò ni ìlú inú rẹ̀, ṣùgbọ́n bí ogun ṣe dó ti Sarajevo, ní Bosnia, láti 1992 sí 1996 ni wọ́n wò ṣe é. Lójú ọ̀sán, kò sẹ́ni tó lè yọjú síta nítorí àwọn tó ń fi ìbọn ṣọ́ ojú pópó. Òru ni ẹnì kan máa ń jáde lọ wá oúnjẹ àti oògùn.

Ibi tó máa ń dunni jù ni ilé tọkọtaya arúgbó kan tí kò ní ohun ìjà. Bí o bá ń kó oúnjẹ wọn, bàbá náà á máa bẹ̀ ọ́. Géèmù kò ní yọ máàkì kankan. Àmọ́ bí ilẹ̀ bá mọ́, ẹni tó jalè á fajú ro, ọ̀rọ̀ náà á sì kan àwọn tí wọ́n jọ ń gbé. Bí ìbànújẹ́ bá wọ̀ ọ́ lára jù, ó lè kọ iṣẹ́ sílẹ̀, ó lè fi ilé sílẹ̀, ó tilẹ̀ lè pa ara rẹ̀.

Kì í rí bẹ́ẹ̀ fún gbogbo wọn o: ọkàn àwọn kan le, kíkó ẹrù àwọn jàǹdùkú kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ dùn wọ́n.