“Gift” lórí fọ́ọ̀mù, “giftigt” lára ìgò

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ògbufọ̀ wa. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé bá ọkọ mi ní Malmö, ní Swídìn. Fọ́ọ̀mù tí mo ń kún ní kí n mú “gift” tàbí “ogift”. Bẹ́ẹ̀, “giftigt” ni mo rí lára ìgò oògùn tí wọ́n fi ń la ihò omi, pẹ̀lú àwòrán agbárí òkú. Èwo ni kí n mú?

Ìdáhùn: Ẹ mú “gift”, màmá, ẹ má fòyà. Ẹni tó ti ṣègbéyàwó ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. “Ogift” ni ti ẹni tí kò tíì ṣe é, “skild” ni ti ẹni tó ti kọ ọkọ tàbí aya sílẹ̀, “änka” sì ni obìnrin opó.

Májèlé náà ń jẹ́ “gift” lóòótọ́, pípè wọn ò sì yàtọ̀: “yift” lẹ máa gbọ́ lẹ́nu wọn. Àwọn ará Swídìn fúnra wọn kì í yé fi ṣàwàdà. Mo ti gbọ́ ọ títí, kò pa mí lẹ́rìn-ín mọ́.

Inú “giva”, ìyẹn “fún”, ni méjèèjì ti jáde. Ti ìgbéyàwó ò lè ṣòroó yé wa, nítorí àwa náà ń fọmọ fọ́kọ. Ohun tí “gifta bort” túmọ̀ sí gan-an nìyẹn, “hemgift” sì ni ẹrù tí ìyàwó ń kó wọlé ọkọ.

Ọwọ́ oníṣègùn ni ti májèlé gbà wá. Àwọn Gíríìkì ń pe ìwọ̀n oògùn tí a fún aláìsàn ní “dosis”, ìyẹn ohun tí a fún un. Àwọn ará Jámánì wá fi “Gift” tiwọn dípò rẹ̀, wọ́n sì sọ ọ́ di àdàpè fún májèlé. Àdàpè náà ló gba ipò lọ́wọ́ ìtumọ̀ àtijọ́ níbẹ̀, ibẹ̀ ló sì ti wọ Swídìn.

Bí ẹ bá rí “gift med”, ọkọ tàbí aya ẹnìkan ló kàn. Bí “ett” bá ṣáájú rẹ̀, májèlé ló sábà máa ń jẹ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni “råttgift”, oògùn eku. Bí ẹ bá fẹ́ fún ará ibi iṣẹ́ lẹ́bùn, “present” ni kí ẹ kọ sí i lára. Àwọn ọmọ wa tó ń jẹ́ Gift, kí wọ́n múra àwàdà sílẹ̀.

Ìgò yẹn, ẹ gbé e síbi tọ́wọ́ ọmọdé ò ní tó. Bí ọmọ bá mu ún, ẹ pe 112, kí ẹ sọ pé “Giftinformation” lẹ fẹ́ bá sọ̀rọ̀.