Ọkọ mi ní ká tún lọ sí Ikaria nínú òtútù: ṣé mo lè kọ̀?

*Ẹ̀gbọ́n wa, ẹ kú iṣẹ́ o. London ni mò ń gbé, ará erékùṣù Ikaria ní ilẹ̀ Gíríìsì sì ni ọkọ mi. Bàbá rẹ̀ kú ní February tó kọjá, a sì gbéra lọ́jọ́ náà pẹ̀lú àwọn ọmọ wa méjèèjì, ọmọ ọdún 7 àti ọmọ ọdún 4. Ìjì dá ọkọ̀ ojú omi dúró ní Piraeus, èbúté Athens, òru mẹ́ta la fi wà níbẹ̀. Nígbà tí ọkọ̀ ṣí, àwọn ọmọ bì títí kò fi sí nǹkan nínú wọn mọ́. Èbúté tí kì í ṣe tiwa ni wọ́n tún já wa sí lóru. Wọ́n ti sin bàbá ká tó dé. Ní báyìí, ìrántí ọdún kan ń bọ̀, ọkọ mi ní gbogbo wa la ń lọ. Mo ní n kò lọ. Ó ní n kò ka ìyá òun sí. Láti ọjọ́ náà, ìkíni lásán ló kù láàárín wa. Ṣé mo jẹ̀bi ni?*

*Ìyàwó Onígíríìkì, London*

Àbúrò mi, ẹ kú ìfaradà. O kò jẹ̀bi. Ẹni tó bá ti fi ọwọ́ gba èébì ọmọ méjì lórí òkun òru kò ní ṣàìbẹ̀rù. Ṣùgbọ́n ohun kan wà nínú lẹ́tà rẹ tí o sáré kọjá lórí rẹ̀: wọ́n ti sin bàbá kí ẹ tó dé. Àwọn Gíríìkì kì í gbé òkú pẹ́ nílẹ̀ bíi tiwa, ọjọ́ kejì tàbí ọjọ́ kẹta ni wọ́n sábà máa ń sin ín. Ọmọ tí ìjì há mọ́ Piraeus nígbà tí wọ́n ń fi yẹ̀pẹ̀ bo bàbá rẹ̀ kò tíì sọ ọ̀rọ̀ náà tán lọ́kàn. Ìrántí ọdún kan yìí ló kù tó lè ṣe fún bàbá. Nítorí náà, má ṣe sọ pé o kò lọ. Sọ fún un pé o kò ní lọ bí ẹ ṣe lọ lọ́dún tó kọjá. Ìyàtọ̀ ńlá wà láàárín méjèèjì.

Ọ̀fọ̀ ló gbé yín dìde lójijì nígbà yẹn, kò sí àyè láti tò ó. Lọ́tẹ̀ yìí ẹ mọ ọjọ́, ẹ lè tò ó.

Kọ́kọ́ mọ bí òkun náà ṣe rí. Ní August, ọkọ̀ ń lọ lọ́tùn-ún lósì. Ní ìgbà òtútù, àwọn ọkọ̀ ayára máa ń so kọ́, àwọn ọkọ̀ ńlá náà sì máa ń yà fún àyẹ̀wò ọdọọdún, nítorí náà ọjọ́ díẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ ni ọkọ̀ fi ń lọ sí Ikaria. Bí ti òní bá bọ́, ti ọ̀la lè má sí. Bí àsọtẹ́lẹ̀ afẹ́fẹ́ bá sì ti dé 8 lórí òṣùwọ̀n Beaufort, àwọn ẹ̀ṣọ́ etíkun sábà máa ń fi òfin de ọkọ̀. Apagoreftiko ni wọn yóò máa pè é ní èbúté. Oòrùn lè máa ràn ní Piraeus kí òfin náà ṣì wà, torí pé lẹ́yìn erékùṣù Mykonos, lójú òkun tó lọ bá Ikaria, ni ìgbì ti máa ń le jù. Má bá òṣìṣẹ́ kankan jà nítorí rẹ̀. Ní ọjọ́ 8 oṣù December 1966, ọkọ̀ Heraklion rì nínú ìjì pẹ̀lú èèyàn tó ju 200 lọ. Ní ọjọ́ 26 oṣù September 2000, ọkọ̀ Express Samina kọlu àpáta lẹ́bàá erékùṣù Paros, èèyàn tó ju 80 lọ kú, Ikaria sì wà lára ibi tí ọkọ̀ náà ń lọ.

Ọjọ́ ìrántí ni kí ẹ kọ́kọ́ mú. Kí ọkọ rẹ pe àlùfáà fúnra rẹ̀. Wọn kì í rin kinkin mọ́ ọjọ́ gan-an tí olóògbé kú, wọ́n máa ń sún un sí ọjọ́ Àìkú tó bá wà nítòsí, lẹ́yìn ìsìn. Ọjọ́ Sátidé náà ṣeé béèrè, torí òun ni ìjọ Ọ́tọ́dọ́ọ̀sì yà sọ́tọ̀ fún àwọn òkú. Ẹ bẹ̀ ẹ́ kó bọ́ sí ìparí ìsinmi àárín sáà àwọn ọmọ, kí ẹ lè ti gúnlẹ̀ sí Ikaria ní Ọjọ́rú, ó pẹ́ tán Ọjọ́bọ̀. Ẹ ṣì lè pàdánù ọjọ́ ilé ìwé méjì tàbí mẹ́ta nígbà tí ẹ bá ń padà. Kọ̀wé sí ilé ìwé ṣáájú, bí òfin bá sì dá yín dúró, ya àwòrán ìkéde náà pa mọ́ fún wọn.

Tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ ojú omi ni kí ẹ rà kí ẹ tó ra ti òfuurufú. Àwọn tó ń ṣe òdìkejì rẹ̀ ló máa ń rí i pé ọkọ̀ ti lọ lánàá, òmíràn di ọ̀túnla. Fi nọ́ńbà fóònù tó ń ṣiṣẹ́ ní Gíríìsì sórí tíkẹ́ẹ̀tì, ibẹ̀ ni wọn yóò fi ìyípadà ránṣẹ́ sí. Lórí ọ̀pọ̀ ọkọ̀, ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5 kì í sanwó, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ ní tíkẹ́ẹ̀tì tirẹ̀. Èyí ọdún 7 á san ìdajì.

Ẹ wọ ọkọ̀ òfuurufú òwúrọ̀ láti London, kí ẹ balẹ̀ sí Athens lọ́sàn-án, kí ẹ sì sùn ní Piraeus mọ́jú. Ẹ má ṣe so ọkọ̀ òfuurufú àti ọkọ̀ ojú omi pọ̀ lọ́jọ́ kan náà. Rélùwéè abẹ́ ilẹ̀ ìlà kẹta ń lọ tààrà láti pápákọ̀ òfuurufú dé Piraeus láàárín bíi wákàtí kan. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, bọ́ọ̀sì X96 wà, tọ̀sán-tòru ló ń rìn. Ẹnubodè E2 ni ọkọ̀ Ikaria sábà máa ń gbéra, ó sì jìnnà sí ibùdó rélùwéè fún ẹni tó gbé ọmọ àti ẹrù. Bọ́ọ̀sì ọ̀fẹ́ wà nínú èbúté, bí òjò bá ń rọ̀ kí ẹ wọ takisí. Ẹ wá òtẹ́ẹ̀lì tó sún mọ́ èbúté, kì í ṣe àárín Athens, nítorí wọ́n lè gbé òfin kúrò lóru, kí ọkọ̀ sì ṣí láìpẹ́ sígbà náà. Kí òtẹ́ẹ̀lì náà jẹ́ èyí tó gbà kéèyàn fagi lé e, kí ẹ sì ya owó òru méjì sí i sọ́tọ̀. Òfin àjọṣepọ̀ Yúróòpù, 1177/2010, fún yín lẹ́tọ̀ọ́ láti gba owó yín padà tàbí kí wọ́n gbé yín sí ọkọ̀ mìíràn, ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ojú ọjọ́ ló fà á, wọn kò jẹ yín ní owó òtẹ́ẹ̀lì. Ìdí rèé tí ọ̀pọ̀ fi ń ná owó ìrántí tán sí Piraeus.

Ẹ gba kábìn oníbẹ́ẹ̀dì mẹ́rin. Owó rẹ̀ yóò dùn yín, ẹ ṣì san án, torí wákàtí 7 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni. Ẹ béèrè èyí tó wà ní àárín ọkọ̀, ní ìsàlẹ̀, ibẹ̀ kì í mì tó iwájú. Lọ bá apòògùn ní London, sọ ọjọ́ orí ọmọ kọ̀ọ̀kan fún un, kó sì sọ ìwọ̀n òògùn àti wákàtí tí wọn yóò lò ó kí ọkọ̀ tó ṣí. Bí èébì bá ti bẹ̀rẹ̀ kí wọ́n tó lò ó, ó ti pẹ́ jù, wọn yóò pọ̀ ọ́ dà nù ni. Fún wọn ní búrẹ́dì gbígbẹ díẹ̀, má jẹ́ kí inú wọn ṣófo, má sì fún wọn ní ohun ọlọ́ràá. Kí wọ́n dùbúlẹ̀, kí wọ́n dijú, kí fóònù kúrò lọ́wọ́ wọn.

Ní ti èbúté tí kì í ṣe tiyín, kì í ṣe àṣìṣe. Ikaria ní méjì: Evdilos ní àríwá àti Agios Kirykos ní gúúsù. Bí afẹ́fẹ́ àríwá bá le, ọkọ̀ kò lè fara mọ́ Evdilos, á já yín sí Agios Kirykos. Bíi 40 kìlómítà ojú ọ̀nà orí òkè ló wà láàárín wọn, ó ń yípo, òkúta máa ń já sójú ọ̀nà bí òjò bá rọ̀, ewúrẹ́ sì ń sùn níbẹ̀. Kí ọkọ rẹ bá onímọ́tò kan ṣàdéhùn ṣáájú pé èbúté yòówù kó jẹ́ ni yóò ti gbé yín. Sọ fún un kó rọra wakọ̀, torí kọ́nà ibẹ̀ lè jẹ́ kí ọmọ tí kò bì lórí omi bì nínú mọ́tò. Ọkọ̀ òfuurufú kékeré wà láti Athens dé Ikaria, kò sì gba wákàtí kan, àmọ́ afẹ́fẹ́ tó dá ọkọ̀ ojú omi dúró lè má jẹ́ kí òun náà balẹ̀.

Ìpadàbọ̀ ló ń pa èèyàn lára jù. Ẹ kúrò ní Ikaria ó kéré tán ọjọ́ méjì ṣáájú ọjọ́ ọkọ̀ òfuurufú yín.

Ilé olókùúta òkè Ikaria tutù dé eegun. Kí ìyá tàbí aládùúgbò dáná sí sítóòfù onígi láti ọjọ́ tó ṣáájú, kí bẹ́ẹ̀dì àwọn ọmọ gbẹ. Gbé rọ́bà omi gbígbóná, aṣọ abẹ́nú olówùú àti tọ́ọ̀ṣì dání, torí iná máa ń lọ bí ìjì bá jà.

Wàyí o, ìyá ọkọ rẹ. Bí ẹ bá dé ní Ọjọ́rú, o máa wà níbẹ̀ lálẹ́ tí wọ́n ń se àlìkámà kollyva, oúnjẹ ìrántí òkú. Bá a ṣe é. Wọ́n máa ń sè é rọ̀, wọ́n á sẹ́ omi rẹ̀, wọ́n á tẹ́ ẹ sórí aṣọ mímọ́ mọ́jú kó gbẹ dáadáa, kí wọ́n tó po álímọ́ńdì, èso àjàrà gbígbẹ àti pomegranate mọ́ ọn. Bí kò bá gbẹ tó, á fi omi sínú ṣúgà funfun tí wọ́n fi bo orí rẹ̀, àgbélébùú tí wọ́n yà sí i á sì bàjẹ́. Kó bàa má rí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń wọ́n ìyẹ̀fun gbígbẹ sí abẹ́ ṣúgà náà. Ìyàwó tó bá ìyá tẹ́ àlìkámà kò ní í wá ẹlẹ́rìí pé òun kà á sí.

Ìpinnu kan kù tí ẹ gbọ́dọ̀ ṣe ní London, nígbà tí ara balẹ̀. Bó bá ku ọjọ́ méjì kí ẹ gbéra, tí àsọtẹ́lẹ̀ sì ń sọ afẹ́fẹ́ 8 tàbí 9 fún ọjọ́ mẹ́ta léraléra, ọkọ rẹ nìkan ni yóò lọ dúró de ọkọ̀ ní Piraeus, ìwọ àti àwọn ọmọ á lọ sọ́dọ̀ ìyá ní August. Kí ọkọ rẹ sọ èyí fún ìyá rẹ̀ láti ìsinsìnyí, ní èdè wọn, kó má fi í sílẹ̀ fún ọ. Lálẹ́ òní, bí àwọn ọmọ bá ti sùn, kọ́kọ́ bi í bó ṣe rí lára rẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n sin bàbá láìsí òun. Jẹ́ kó sọ ọ́ tán kí o tó mẹ́nu ba tíkẹ́ẹ̀tì rárá.